Ohun tí Màdáàmú Dorothy Sọ Nínú Ààrò

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin ará àdúgbò, mo dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ ìpè mi. Ẹ sún mọ́ abẹ́ igi máńgòrò níbí kí oòrùn má baà pa yín. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mi ò gbọ́dọ̀ gbé wọ ilẹ̀. Lójoojúmọ́ tí mo bá dùbúlẹ̀ síbí lọ́sàn-án, tí oorun ń kùn mí, tí mi ò sùn tí mi ò sì jí, ọ̀rọ̀ náà á wá jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹní mi, á máa wò mí. Lónìí ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ikọ́ yìí ti gba ohùn mi, ìdí nìyẹn tí Ṣeunfúnmi ọmọ mi fi ń tún ọ̀rọ̀ mi sọ sókè fún àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ti sọ ọ́ ni kó sọ ọ́, kó má fi kún un, kó má sì yọ níbẹ̀, bó tilẹ̀ ń tì í lójú. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé inú ààrò ilé-iṣẹ́ ẹfun ni Sanmí kú sí. Gbogbo yín lẹ sì gbà pé àìbìkítà Jùbrílù ló pa á. Jùbrílù fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Èmi Ọláníran, ògbufọ̀ ìjọ yín, ni mo fi ẹnu ara mi pa Sanmí, èmi náà ni mo sì gbé òkú rẹ̀ lé Jùbrílù lórí pé kó máa gbé e kiri.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dùn, nítorí ó dùn nígbà kan. Ẹ mọ ilé-iṣẹ́ náà, lójú ọ̀nà tó já sí Lálúpọn, níbi tí wọ́n ti ń sun òkúta di ẹfun. Eruku rẹ̀ ló máa ń bo ewé ẹ̀gẹ́ wa, tí gbogbo oko á funfun nígbà ọyẹ́ bí ẹni pé òṣùpá ló sùn síbẹ̀. Èmi ni sítọ́kípà wọn. Ààrò náà, páìpù irin ràgàjì kan ni, ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ó gùn ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, bí iná bá sì wà nínú rẹ̀, a máa yí díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá pa iná, tó tutù tán, èèyàn lè wọlé kó nàró kó máa rìn nínú rẹ̀. Bíríkì tó ń gba iná mọ́ra ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ yípo, ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àti òkè orí. Bí iná bá ti jẹ ẹ́ títí, a ó wó o, a ó tún òmíràn tò. Ti ilẹ̀ kò ṣòro. Ti òkè orí ni iṣẹ́ wà, nítorí bíríkì wúwo, kò sì ní ohun tó máa jókòó lé lókè níbẹ̀. Igi àti jáàkì la fi ń tì í látijọ́, títí gbogbo rẹ̀ á fi yí ká pàdé ara wọn. Bí àwọn bíríkìlà wa bá ń tò ó lọ́wọ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ sókè.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá ra ẹ̀rọ tuntun tí a ó máa fi to bíríkì náà. Pèpéle onírin tó ní táyà ni, a máa ń tì í wọ inú ààrò. Irin kan tẹ̀ kọrọdọ lórí rẹ̀ bí òṣùmàrè, ọ̀pọ̀ ọwọ́ irin kéékèèké sì wà lára irin náà. Afẹ́fẹ́ ló ń ti àwọn ọwọ́ yìí sókè, irú afẹ́fẹ́ tí fọkanáísà ń fún táyà. Bí o bá gbé bíríkì sí òkè, ọwọ́ irin kan á na jáde, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ààrò, á dúró tì í títí wọ́n á fi fi bíríkì tó gbẹ̀yìn há àárín àwọn yòókù. Bí wọ́n bá ti há, wọn ò ní já mọ́. Ẹni tí wọ́n rán wá láti to ẹ̀rọ náà pọ̀, kó sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa bí wọn ó ti lò ó, ni Màdáàmú Dorothy, ẹnjiníà, ọmọ ilẹ̀ Gánà. Èmi àti awakọ̀ la lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Alákìà. Obìnrin kúkúrú ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni, ó ń jẹ ẹ̀pà láti Alákìà títí a fi kọjá Ẹgbẹ́dá, ó sì ń fún àwa náà jẹ. Kò gbọ́ Yorùbá rárá. Àwọn mẹ́ta tó fẹ́ kọ́, Jùbrílù, Sanmí àti Akínwándé, kò sí ẹni tí òyìnbó rẹ̀ kọjá ìkíni nínú wọn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wò yí ká, ó ní, "Ṣebí Bàbá Ṣeun ló ń ṣe ògbufọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn?" Orí mi wú, ẹ̀yin èèyàn mi. Àfi bí ẹni pé wọ́n fi mí jọba.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìjọ, ẹ mọ bí mo ti ń ṣe é. Bí oníwàásù bá ti Èkó wá, tó ń da òyìnbó sílẹ̀ wàràwàrà, èmi náà á máa da Yorùbá lé e, a ó jọ máa sáré lọ. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ kan bá fò mí, n kì í dúró béèrè. Màá fi ẹsẹ Bíbélì dí ojú ihò náà, tàbí òwe, tàbí ohunkóhun tó bá ti dùn. Ẹ̀yin á ké hàlelúyà, oníwàásù á rẹ́rìn-ín, á rò pé òun lòun sọ ohun tó mú yín dìde. Lẹ́yìn ìsìn, ẹ ó wá bá mi, ẹ ó ní, "Bọ̀dá Ògbufọ̀, ti yín tilẹ̀ dùn ju ti pásítọ̀ lọ." Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi o. Ibi tí mo ti kọ́ ọ ni mò ń sọ fún yín. Ẹnikẹ́ni kò kú rí nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ni mo fi rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bí àlá ni àwọn ọjọ́ ẹ̀kọ́ yẹn ṣe ń padà wá bá mi báyìí. Ìmọ́lẹ̀ á ti ẹnu ààrò wọlé, eruku ẹfun á máa jó nínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ọwọ́ irin á máa mí, fùù, fùù, bí ọmọ tó ń sùn. Sanmí á máa súfèé orin ìjọ, ìfé náà á lọ dé ìpẹ̀kun ààrò lọ́hùn-ún, á sì padà wá bí ẹni pé ẹnìkan ń dá a lóhùn. Ẹ ò gbàgbé Sanmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Sanmí bí, aláwàdà. Ó ní kí n sọ fún Màdáàmú pé òun ti ń múra láti bá a lọ sí Gánà lọ fi orí balẹ̀ fún àna òun. Mo sọ fún Màdáàmú pé ó ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ yé òun. Màdáàmú ní òun dúpẹ́. Sanmí ní, "Ó ti gbà!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Jùbrílù ni kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe olórí wọn, òun ni Màdáàmú fi sídìí ọwọ́ pupa kan tí wọ́n fi ń ti afẹ́fẹ́ pa, tí wọ́n sì fi ń ṣí i. Ọ̀rẹ́ láti kékeré ni òun àti Sanmí. Bí oṣù àwẹ̀ bá dé, Sanmí kì í jẹun lójú Jùbrílù, a máa lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn sítọ́ọ̀ mi lọ jẹ gaàrí rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, gbogbo ọwọ́ irin ti na, wọ́n di bíríkì mú lókè orí wa. Màdáàmú Dorothy wá dúró láàárín, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó nàka sí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè afẹ́fẹ́. Ó nàka sí ọwọ́ pupa. Ó nàka sí òkè orí. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tó gùn. Mo gbọ́ ibi tó ti ní bí iná bá lọ. Mo gbọ́ ibi tó ti dárúkọ afẹ́fẹ́. Òyìnbó àwọn ẹnjiníà ni ìyókù, ó gba etí mi kọjá. Nígbà tó parí, ó yíjú sí mi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà yíjú sí mi. Kí ni ì bá ná mi bí mo bá ní, "Màdáàmú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ"? Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń sọ fún mi pé kí n má tijú béèrè. Àmọ́ Sanmí ń wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé oúnjẹ aládùn ka iwájú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ni mo bá la ẹnu. Mo ní, "Màdáàmú ní bí iná bá lọ, kí ẹ má bẹ̀rù, kí ẹ má sì sá. Bí ọwọ́ Olúwa ni ọwọ́ irin yìí rí. Ohun tó bá ti dì mú, kì í jù ú sílẹ̀ láé!" Sanmí ké hàlelúyà. Akínwándé pàtẹ́wọ́. Jùbrílù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àmín o." Ohùn wọn gba inú ààrò lọ, ó tún padà. Mo dúró sáàárín rẹ̀, adùn rẹ̀ bò mí.

Ẹ gbọ́ ohun tí Màdáàmú sọ ní tòótọ́, èyí tí mo wá mọ̀ nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó ní bí iná bá lọ, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á dákẹ́, afẹ́fẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá jáde nínú àwọn ọwọ́ irin náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní yóò dà bí ẹni pé wọ́n ṣì di bíríkì mú, kí àwọn òṣìṣẹ́ má gbà wọ́n gbọ́. Kí ẹni tó wà nídìí ọwọ́ pupa tì í pa kíákíá, kí gbogbo èèyàn sì jáde lábẹ́ ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n sá. Èmi ní kí wọ́n má sá. Ṣeunfúnmi, má sunkún, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ọlọ́run tún fún mi láyè kan. Inú Màdáàmú dùn nígbà tó rí ayọ̀ wọn, síbẹ̀ ó ní òun fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní Yorùbá, kí n wá tú u sí òyìnbó fún òun, kí òun lè mọ̀ pé ó ti yé wọn. Bí wọ́n bá sọ ọ́, màá ní láti tú u, yóò sì mọ̀ pé ọwọ́ Olúwa kò sí nínú ohun tí òun sọ. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo ní, "Màdáàmú, níbí, a kì í ní kí àgbàlagbà máa ka ẹ̀kọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ìwọ̀sí ni." Irọ́ pọ́nńbélé. Àwọn bíríkìlà wa tí wọ́n máa ń bú ara wọn láti òwúrọ̀ títí dalẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa ìwọ̀sí? Ṣùgbọ́n ojú ti obìnrin náà. Ó yí sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú. Sanmí bi mí pé kí ló dé. Mo ní ó ń kí wọn kú iṣẹ́ ni. Wọ́n dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀ pé ó ṣeun. Lọ́jọ́ kejì, ó gun ọkọ̀ òfurufú padà sí ilẹ̀ rẹ̀.

Oṣù àwẹ̀ wọlé. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ lọ, iṣẹ́ sì ń yá, gbogbo wa ń yin àwọn ọ̀gá. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ń ti bíríkì bọ̀ nínú ọmọlanke, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ààrò ni iná lọ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dákẹ́. Gbogbo ibẹ̀ wá pa lọ́lọ́, tó fi jẹ́ pé mo ń gbọ́ ẹyẹ lórí igi àgbàlùmọ̀ tó wà lóde. Mo rí Akínwándé tó bẹ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, tó ń bọ̀ síta. Sanmí wà lókè níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akínwándé, níbo lò ń sá lọ? Ṣé Bọ̀dá Ògbufọ̀ ò sọ fún wa ni? Ọwọ́ Olúwa ni!" Inú ààrò ti ṣókùnkùn. Jùbrílù kúrò nídìí ọwọ́ pupa, ó ní, "Jẹ́ n wá tan tọ́ọ̀ṣì fún ẹ, Sanmí." Ẹ gbọ́ ohun tí èmi fi ẹnu mi sọ. Mo dúró lẹ́nu ààrò, inú mi dùn pé wọ́n rántí ọ̀rọ̀ mi, mo sì pariwo wọlé sí wọn pé, "Ó dì yín mú!" Kò dún rárá. Àwọn ọwọ́ irin náà kàn ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọwọ́ ẹni tí oorun ń gbé lọ. Lẹ́yìn náà ni bíríkì òkè ya lulẹ̀. Eruku funfun jáde wá bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé wọn jáde, Sanmí ti kú. Jùbrílù ṣì ń mí, àmọ́ bíríkì ti fọ́ èjìká rẹ̀, ó sì ti bà á lórí.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pè wá sí ọ́fíìsì. Ó pe Màdáàmú Dorothy lórí fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́. Obìnrin náà ń sunkún. Ó ń sọ gbólóhùn yẹn léraléra, ó sì ń sọ ọ́ ní òyìnbó tó rọrùn báyìí, irú èyí tí kò sí ohun tó ṣókùnkùn nínú rẹ̀: "Mo ní kí wọ́n tì í pa. Mo ní kí wọ́n jáde." Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá Ṣeun, ṣé ẹ sọ ọ́ fún wọn?" Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ̀sín tèmi ni mo ń sá fún, ikú ẹlòmíràn ni mo sì fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní, "Bó ti sọ ọ́ ni mo sọ ọ́, sà." Ì bá dára kí n dákẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ ẹnu tó ti mọ àfikún, kò mọ ibi tó ń dúró. Mo tún ní, "Jùbrílù ló wà nídìí ọwọ́ pupa. Àwẹ̀ ló mú un, láti àárọ̀ ló ti ń tòògbé." Kò tòògbé o. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere lọ́jọ́ náà, ó tilẹ̀ bá mi já ẹrù.

Akínwándé, tí wọ́n ti sọ ohun tí Màdáàmú sọ lórí fóònù fún, wá bá mi ní sítọ́ọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ohun tí ẹ sọ fún wa kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ ní ká má sá." Mo fà á mọ́ra. Mo ní, "Akínwándé, bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ ò kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn dáadáa, wọn á lé gbogbo yín, wọn á kó àwọn ará Èkó wá. Ìyàwó rẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Sanmí ti lọ ná, kò sí ohun tó máa jí i." Ó wò mí, ó wò mí, ó jáde. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó gba Ìjàyè lọ, níbi tó ti ń gbin ẹ̀gẹ́ títí dòní. Ẹ má bínú sí i. Èmi ni mo fi ẹ̀rù dí i lẹ́nu.

Èyí tó burú jù lọ ni mo fẹ́ sọ báyìí, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo ti sọ tán yìí tó kí èèyàn ṣíwọ́. Nígbà tí Jùbrílù lajú ní ọsibítù, kò rántí nǹkan kan. Ó mọ ìyàwó rẹ̀ Hàjàrá, ó mọ orúkọ gbogbo wa, àmọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti dé ni nǹkan ti pa rẹ́ lórí rẹ̀. Kò mọ Màdáàmú Dorothy rí. Kò mọ ọwọ́ pupa. Wọ́n kàn sọ fún un pé Sanmí kú, pé òun ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ó ní kí wọ́n bá òun pe Bọ̀dá Ògbufọ̀. Mo lọ. Ó fi ọwọ́ tó ṣì dára dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Kí ni obìnrin yẹn sọ fún wa? Ṣé ó sọ fún mi, tí mi ò sì ṣe é? Ohun tí ẹ bá sọ fún mi ni màá gbà." Òwúrọ̀ ni, atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ ojú fèrèsé wọlé jẹ́jẹ́, gbogbo nǹkan mọ́ tónítóní. Orí ọkùnrin yẹn ṣófo bí ilé tuntun, ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún mi. Òtítọ́ wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Jùbrílù, mo sọ fún ọ pé kí o tì í pa. Ó yé ọ nígbà yẹn. Àwẹ̀ ló fà á, o gbàgbé. Àmọ́ aláàánú ni Ọlọ́run." Kò sunkún. Ó kàn ń mi orí, ó ń sọ pé, "Mo gbàgbé. Mo gbàgbé." Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ti ń wọlé lọ jókòó sínú rẹ̀. Ògbufọ̀ rere ni mí, ẹ̀yin ará. Mo tú ayé ọkùnrin kan fún un, kò sì sí òótọ́ kankan níbẹ̀.

Ààfáà sọ fún un pé ẹni tó bá ṣèèṣì pa èèyàn, á gba àwẹ̀ oṣù méjì láìdá ọjọ́ kan sí. Ó bẹ̀rẹ̀ kí egbò rẹ̀ tó jiná. Hàjàrá wá bá mi, ó ń kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó sinmi ná. Ó ti rù, egungun rẹ̀ ń yọ. Ẹ̀yin ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu." Mo lọ bá a lóòótọ́. Mo bá a lórí ẹní, ètè rẹ̀ ti bó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gbà á sílẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ní, "Máa bá a lọ, Ọlọ́run ń rí ọ." Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ń kọ ebè fún Ìyá Sanmí, pẹ̀lú èjìká kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà ń rí i. Àwọn kan nínú yín ń sọ pé ó yẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun ló pa ọmọ wọn. Mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́, mo tilẹ̀ mi orí sí i.

Kì í ṣe ikú ló la ẹnu mi. Ikú ti wà lẹ́nu ọ̀nà látijọ́, mo sì ti pinnu láti bá a lọ ní ẹnu dídì. Jùbrílù fúnra rẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wá wò mí, ó jókòó síbi tí Wòlíì ìjọ wa jókòó sí yìí. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú wa lọ, ẹ ó rí Sanmí. Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ìgbà yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Ṣebí ẹ̀yin ni ògbufọ̀. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó foríjì mí." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Jùbrílù, o ò ṣe nǹkan kan." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Kò gbé ohùn sókè. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ yẹn ńkọ́, Bọ̀dá?" Ó ní, "Mo máa ń lá a lálàá pé mo ti ọwọ́ pupa yẹn. Bí mo bá ń sùn, mo máa ń tì í, mo máa ń tì í. Mi ò tilẹ̀ mọ bó ti rí." Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ. Kò ṣépè fún mi. Ì bá ṣépè.

Lọ́jọ́ kejì, mo ránṣẹ́ pe Ìyá Sanmí, wọ́n wá, mo sọ ọ́ fún wọn. Mo rò pé wọ́n á lù mí, mo tilẹ̀ ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Jùbrílù ti gbọ́?" Mo ní ó ti gbọ́. Wọ́n wá ọ̀pá wọn, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ bá ọmọ mi." Láti abẹ́ igi yìí ni mo ti ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń gba ọ̀nà ilé Jùbrílù lọ, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, nínú eruku funfun yẹn, títí mi ò fi rí wọn mọ́.

Ohun tí mo pè yín fún nìyí. Mo mọ̀ yín. Bí ẹ bá ti kúrò níbí, Wòlíì á ránṣẹ́ sí Lèmọ́mù, àwọn àgbà ìjọ á da aṣọ bora, ẹ ó kó ara yín lọ sílé Jùbrílù. Ẹ ó kún pálọ̀ rẹ̀. Ẹ ó ní Ọláníran ti jẹ́wọ́, ẹ ó ní ó ń kú lọ, ẹ ó ní nítorí Ọlọ́run, nítorí ewú orí, kó ní òun ti gbọ́. Àwọn àgbà á dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ojú á sì tì í, yóò ní kò burú, òun ti foríjì. Ẹ̀yin á wá padà wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má lọ. Mo ti fi ọ̀rọ̀ sí ọkùnrin yẹn lẹ́nu rí, ẹ má ṣe bá mi fi òmíràn sí i. Ẹ jẹ́ kó bínú sí mi títí inú rẹ̀ fi máa rọ̀, bí kò bá sì rọ̀, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sin mí tán, bí kò bá wá, ẹ má béèrè rẹ̀. Àwọn tó ti ń sọ pé òun ló pa Sanmí nìkan ni kí wọ́n lọ sílé rẹ̀, kí wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ fún ẹnu ara wọn. Àwọn yòókù, bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ẹ kí i, ẹ bá a gbé ọkọ́ rẹ̀ dé ìta ilé rẹ̀, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ẹ má dárúkọ mi fún un.